Yàrá Gíláàsì

Olúdọ̀tun, àwòrán ilé tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.
Mo tẹ́ ẹ sórí àpáta ní Ìkèrèkú,
mo fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ.
Ó dùn-ún wò.
Òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó bí fìlà wòlíì
kí yìnyín lè máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀.
Ta ló ń retí yìnyín ní Abẹ́òkúta?

Ṣóètán bíríkìlà dé, ó bọ́ bàtà,
ó wo ìwé náà títí, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un wò,
ó ní, "Ìyá, oòrùn dà nínú ìwé yìí?"
N kò rí oòrùn. N kò rí ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Gíláàsì ni mo rí, láti ilẹ̀ dé àjà,
ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gan-an bí ẹni ń wá ìjà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí.
Mo mọ ohun tí pàánù tí kò ní àjà ń fojú ọmọ ọjọ́ mẹ́ta rí
ní oṣù Ẹrẹ́nà, ní agogo méjì ọ̀sán.
Mo ti bọ́ aṣọ lára ọmọ títí kò fi ku ohun tí à á bọ́,
ara ń gbóná síbẹ̀, ìyá ń fi páálí fẹ́ ẹ,
ògiri búlọ́ọ̀kù ti mu oòrùn yó,
ó di òru kó tó máa bì í lé wa lára.

Má bínú. N kò sọ pé ilé rẹ kò dára níbi tó wà.
Nígbà tí mo wá tọ́jú ìkókó yín ní Kánádà
mo fọwọ́ kan ògiri yẹn: wọ́n kì í bí ìrọ̀rí.
Òtútù ń pa igi níta,
èmi ń làágùn nínú yẹ̀rì.
Àwọn àna wa ní Kàtsínà ńkọ́? Òrùlé amọ̀ pẹrẹsẹ,
orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Gbé e wá sétí odò Ògùn,
kí oṣù Agẹmọ tó parí, ó ti di ẹ̀bà.
Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn:
ògiri pàápàá gbọ́ òwe yẹn.

Ilẹ̀pa tí a wú nínú ìpìlẹ̀ ni Ṣóètán fi ṣe bíríkì,
ó bu símẹ́ǹtì sí i díẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ nínú àpótí irin, ó sá a sábẹ́ ibòji.
Òkúta orí ilẹ̀ náà ló tò sísàlẹ̀,
nítorí òjò wa a máa ta padà láti ilẹ̀.
Mo mú ọparun wá, ó kọ̀ ọ́:
"Ọparun tí a kò rì sómi, oúnjẹ ikán ni."
Etí òrùlé nà jáde bí akẹtẹ̀.
Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé
owó tán lọ́wọ́ ìyá nọ́ọ̀sì, ó ti padà sílé alámọ̀.
N kò ní parọ́ fún ọ, kò pọ́ọ́kú tó bí mo ṣe rò.
Ogójì bíríkì ló sán.
Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán àná, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri,
mo sùn lọ, n kò wá abẹ̀bẹ̀.

Mo ṣe yàrá kan bí o ṣe yà á, nítorí rẹ.
Gíláàsì, ìwọ̀-oòrùn, gbogbo rẹ̀ pé.
Inú rẹ̀ ni a ń sá ata sí.
Ọjọ́ méjì, ó ti gan;
ẹ̀gẹ́ láfún kì í lò ju mẹ́ta lọ.
Bí o bá dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màá tẹ́ ẹní rẹ sí,
ṣùgbọ́n má sọ pé n kò gbọ́ tìrẹ:
nínú gbogbo ilé yìí,
kò sí yàrá tó ń ṣiṣẹ́ tó yàrá rẹ.